Ṣé O Mọ̀? Ooru Lo Fẹ́ Rà, Kì Í Ṣe Orúkọ Ara Áyọ́ọ̀nù

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń polówó áyọ́ọ̀nù irun jù lọ ni nọ́ńbà tó yẹ kí o sá fún jù lọ? Wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò irun ní Brampton, wàá rí páálí lórí páálí tí wọ́n kọ 450°F sí lára gàdàgbà. Nọ́ńbà yẹn jẹ́ 232°C. Ní nǹkan bí 230°C ni kẹrátìn, purotéènì tó di irun mú, máa ń tú ká, kódà kí irun náà gbẹ táútáú. Áyọ́ọ̀nù tó bá gbóná dé ibẹ̀ kì í na irun mọ́. Ó ń sun ún ni.

Ṣé o mọ̀ pé irun tútù kì í lè fara dà á dé ibẹ̀? Bí omi bá wà nínú rẹ̀, nǹkan bí 150°C ti tó láti tú kẹrátìn kan náà.

Ṣé o mọ̀ pé Celsius ni wọ́n fi ń sọ bí òtútù ṣe mú tó níta ní Kánádà, àmọ́ Fahrenheit ló wà lára ààrò ìdáná, òun náà ló sì sábà máa ń wà lára áyọ́ọ̀nù irun? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ dé lè rí 350 lójú áyọ́ọ̀nù kí ó má mọ̀ bóyá kí òun bẹ̀rù tàbí kí òun má bẹ̀rù. Fi èyí sọ́kàn: 300°F jẹ́ 149°C, 350°F jẹ́ 177°C, 400°F jẹ́ 204°C. Orí àwọn mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ wa máa dá lé. Irun tó fẹ́lẹ́, tàbí tí a ti pa láró, kò yẹ kó kọjá 300°F. Irun tó wà ní agbede méjì lè dé 350°F. Èyí tó nípọn tó sì ki dáadáa lè dé nǹkan bí 380°F, tó bá pọ̀ jù, 400°F. Èmi ò rí irun àdámọ́ kan tó nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àyàfi tí ẹni tó mú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ bá ń kánjú.

Ṣé o mọ̀ pé nínú 656,480 ènìyàn tí wọ́n kà ní Brampton nígbà ìkànìyàn 2021, àwọn aláwọ̀ dúdú lé ní 85,000? Ọjà ńlá ni orí wa nílùú yìí. Ọmọ Jàmáíkà, ọmọ Gánà, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Sòmálíà, gbogbo wa la jọ ń tò síwájú káńtà kan náà. Àwọn tó ń tajà fún wa mọ èyí dáadáa, ó sì tọ́ kí àwa náà mọ ohun tí a ń béèrè.

Ṣé o mọ̀ pé oríṣi ìdè méjì pàtàkì ló wà nínú irun tí a lè fi mọ ohun tí ooru ń ṣe? Èkíní ni ìdè haidirójìn. Kò lágbára. Omi lè tú u, ooru náà lè tú u, bí ooru bá sì ti lọ tàbí tí irun bá ti gbẹ tán, á tún ara rẹ̀ so ní ipò tuntun tí o bá fi irun sí. Òun ni áyọ́ọ̀nù ń bá ṣiṣẹ́. Èkejì ni ìdè imí ọjọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ le púpọ̀, tó ń di irun mú ní bí ó ṣe ká láti ìdí. Rilásà ló ń já ìyẹn. Áyọ́ọ̀nù tí a bá lò pẹ̀lú ọgbọ́n kì í dá a láàmú, ìdí nìyẹn tí irun àdámọ́ fi ń ká padà bí omi bá ti kàn án.

Nítorí náà, irun tó ká padà lẹ́yìn tí o fọ̀ ọ́ kò já ọ kulẹ̀. Ó ń jẹ́rìí pé ara òun dá. Èyí tí o fọ̀, tó nà gbọọrọ síbẹ̀, tó kọ̀ tí kò ká mọ́ ní ẹnu, ìyẹn ni kí o bẹ̀rù. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi yangàn pé irun àwọn ti "gbọ́ràn" sí áyọ́ọ̀nù. Kò gbọ́ràn. Ó ti kú ni.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ìpara kankan tó lè dá irun tí ooru ti sun padà sí bí ó ṣe wà? Irun tó bá ti yọ kúrò nínú awọ orí kò ní ẹ̀jẹ̀, kò lè wo ara rẹ̀ sàn. Ohun tí ìpara ń ṣe ni pé ó ń bo ojú ọgbẹ́ títí di ìgbà tí o bá tún fọ irun. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé irun àwọn ọmọ Áfíríkà ń hù ní ìwọ̀n 256 máíkírónì lójúmọ́, èyí tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá sun irun tó gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà láàárọ̀ Sátidé kan ṣoṣo, ó ju ọdún méjì lọ kí gígùn bẹ́ẹ̀ tó hù padà.

Ṣé o mọ̀ pé ojú ọjọ́ Brampton máa ń bá áyọ́ọ̀nù rẹ jà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún? Ní oṣù Keje, ọ̀rinrin máa ń pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ gúúsù Ontario. Omi inú afẹ́fẹ́ yẹn á wọ irun, á tú ìdè haidirójìn tí o fi ooru tò. Irun tí o nà láàárọ̀ á ti wú kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé ọ dé Toronto. Ọ̀pọ̀ á wá rò pé áyọ́ọ̀nù àwọn ni kò dára, wọn á lọ ra èyí tó gbóná jù ú lọ. Kò sí ìwọ̀n ooru tó lè dí ọ̀rinrin lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ooru lo fẹ́ fi irun nínà ṣe nǹkan pàtàkì, ìgbéyàwó tàbí àwòrán, wo ojú ọjọ́ kí o tó mú ọjọ́.

Ní oṣù Kíní, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ̀rọ amúlé-gbóná á ti fa ọ̀rinrin inú ilé gbẹ, irun á máa ta páṣápáṣá mọ́ fìlà, ẹnu rẹ̀ á máa já sára ẹ̀wù òtútù. Àsìkò yìí ni irun máa ń tètè nà tí ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó ká, nítorí kò sí ọ̀rinrin tó máa tú u. Ohun tó sì yẹ kí èyí kọ́ wa ni pé ìgbà òtútù ló yẹ kí a dín ooru kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe òdì kejì rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ ohun tí ìró ṣìì tí o ń gbọ́ nígbà tí áyọ́ọ̀nù bá kan irun ń sọ? Omi ṣì wà nínú irun. Omi ń hó ní 100°C. Bí irin tó gbóná ju ìyẹn lọ bá dì mọ́ irun tútù, omi inú rẹ̀ á di atẹ́gùn gbígbóná lójijì, á wú, á sì dá ihò sínú irun láti inú wá. Àwọn dókítà awọ ara ní orúkọ fún un, bubble hair, torí pé bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò ó, ihò kékeré bí ìfóófò ni wọ́n ń rí. Irun náà á gan, á sì máa já ní ojú ibi tí ihò náà wà. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára áyọ́ọ̀nù pé o lè lò ó láti orí irun tútù títí tí á fi gbẹ, gbé e sílẹ̀. Èyí tó yàtọ̀ ni irú ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ na irun, bíi Airstrait tí Dyson gbé jáde ní 2023: kò ní irin gbígbóná tó ń dì mọ́ irun. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn nìyẹn, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù.

Ṣé o mọ̀ pé ceramic tí wọ́n ń kọ sára páálí jẹ́ ẹ̀yà amọ̀ tí a fi iná sun? Ìwà rere rẹ̀ ni pé ooru máa ń tàn kárí rẹ̀ lọ́gbọọgba, kì í gbóná jù lójú kan kí ó tutù lójú kejì. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, American Academy of Dermatology, nígbà tí wọ́n ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn lórí irun, sọ pé ceramic ni kí a fi máa na irun, kí áyọ́ọ̀nù náà ní ibi tí a ti lè yí ìwọ̀n ooru, kí a lo èyí tó kéré jù lọ tó lè ṣe iṣẹ́, kí ó má sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Bí mo bá ní kí n fi gbólóhùn kan sọ bí a ṣe ń ra áyọ́ọ̀nù, ìmọ̀ràn yẹn ni mo máa sọ.

Àmọ́ ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ ceramic sí lára, alumíníọ̀mù ni irin rẹ̀, wọ́n kàn fi ceramic kùn ún lójú ni. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀dà yẹn á bó, alumíníọ̀mù á yọjú, ibẹ̀ á máa gbóná ju ibi yòókù lọ, etí ọ̀dà tó bó á sì máa gbá irun mú. Ojú irun wa ní ìpẹ́ bíi ti ẹja, tó tò léra wọn láti ìdí lọ sí ẹnu. Ohun tó bá ń ha ìpẹ́ yẹn ń ṣí irun sílẹ̀ fún ìbàjẹ́. Wò ó báyìí: kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná, fi èékánná rìn lójú irin rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí èékánná bá kọsẹ̀ níbì kan, irun náà á kọsẹ̀ níbẹ̀. Má rà á. Bó bá jẹ́ èyí tó wà nílé ni, ìgbà rẹ̀ ti pé.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí àwọn onídìrí fi fẹ́ràn titanium? Ó fúyẹ́, ó ń tètè gbóná, ó sì ń tètè gbé ooru rẹ̀ fún irun. Ọwọ́ wọn yá, wọ́n ti na ẹgbẹẹgbẹ̀rún orí, irun kì í dúró pẹ́ lábẹ́ irin lọ́wọ́ wọn. Ìwọ tó ń na irun ara rẹ níwájú dígí, tí o ń yí ọrùn kí o lè rí ìpàkọ́ rẹ, ọwọ́ rẹ kò lè yá bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ àǹfààní fún wọn á di ewu fún ọ. Tourmaline ńkọ́? Òkúta ni, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì pò ó mọ́ ceramic. Bó bá gbóná, ó máa ń mú agbára iná kékeré jáde, ohun tí wọ́n sì fi ń tà á ni pé kò ní jẹ́ kí irun máa ta. Bí o bá rí i nínú ceramic tó dára, ó dára. Má tìtorí rẹ̀ san owó kún owó.

Ṣé o mọ̀ pé fífẹ̀ irin ń sọ iye ìgbà tí ooru máa kan irun kan náà? Ínǹṣì kan ni èyí tó bá orí púpọ̀ mu, torí ó lè dé ìdí irun kúkúrú àti irun ẹ̀bá etí láì jó awọ orí. Bí irun bá gùn kọjá èjìká tó sì nípọn, ínǹṣì kan àtààbọ̀ á dín àkókò kù. Ínǹṣì méjì ò lè wọ ìdí irun tó ki, wàá kàn máa jó etí ara rẹ ni. Tẹ irin méjèèjì pọ̀ kí o gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: bí o bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín wọn, wọn ò pàdé dáadáa, ìwọ náà á sì máa fà á lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí ẹ̀ẹ̀kan tó.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sì fẹ́ kí ó jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mú irun díẹ̀díẹ̀, kí ó fẹ́lẹ́ débi tí wàá fi máa rí ìyàrun láti òdì kejì. Kí ìyàrun ṣáájú, kí áyọ́ọ̀nù tẹ̀ lé e lẹ́yìn gẹ́gẹ́, láì dúró lójú kan. Bí irun kò bá nà lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, má fi kún ooru. Ó ṣeé ṣe kí irun tí o mú pọ̀ jù, tàbí kí o má tíì na irun náà dáadáa kí iná tó kàn án.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ tí orúkọ wọn ga jù lọ kì í fi 450°F yangàn? ghd, tó bẹ̀rẹ̀ ní Leeds lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2001, yan 185°C, wọ́n sì dúró síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù wọn. Corrale tí Dyson ṣe ní 2020 ní ipele mẹ́ta péré: 165°C, 185°C àti 210°C. Mi ò sọ pé kí o lọ rà wọ́n, owó wọn ju agbára ọ̀pọ̀ wa lọ, irun tó fẹ́lẹ́ sì lè rí 185°C bí èyí tó pọ̀ jù. Mo mẹ́nu bà wọ́n kí o lè mọ̀ pé ẹni tó ń ta áyọ́ọ̀nù ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là kò rí ìdí láti dé 232°C. Èyí tó jẹ́ bọ́tìnì títàn àti pípa nìkan ló wà lára rẹ̀, tí kò sọ ìwọ̀n ooru kankan, ni kí o sá fún jù lọ, ì báà jẹ́ dọ́là mẹ́wàá.

Ṣé o mọ̀ pé òróró àgbọn tí a kò yọ́ mọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín ní nǹkan bí 177°C, ìyẹn 350°F? Nígbà tí èéfín bá ń rú lórí irun tí o fi òróró pa, òróró ló ń jóná lára irun rẹ. Òrí àti òróró wúlò lẹ́yìn tí irun bá ti tutù tán, díẹ̀ péré, fún dídán. Ohun tó yẹ kó ṣáájú áyọ́ọ̀nù ni ìpara tàbí omi ìfọ́n tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo irun lọ́wọ́ ooru. Wo ẹ̀yìn ìgò rẹ̀: bí o bá rí dimethicone tàbí amodimethicone láàárín àwọn èròjà tó ṣáájú, ohun tí o ń wá nìyẹn. Kí o jẹ́ kó gbẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ní Paris ní 1872 ni Marcel Grateau ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀mú gbígbóná ṣe irun obìnrin? Iná ni wọ́n fi ń gbóná ẹ̀mú náà, kò sì sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Bébà ni àwọn onídìrí fi ń dán irú ẹ̀mú bẹ́ẹ̀ wò: bí bébà bá pọ́n, ẹ̀mú ti gbóná jù. Ó yẹ kí ojú ti ẹni tó ní nọ́ńbà lójú áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tí kì í wò ó.

Ṣé o mọ̀ pé Madam C.J. Walker kọ́ ló dá ìyàrun gbígbóná sílẹ̀? Wọ́n ti ń lò ó nílẹ̀ Faransé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí Walker, tí wọ́n bí ní Louisiana ní 1867, ṣe ni pé ó sọ ìtọ́jú irun aláwọ̀ dúdú di iṣẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin fi ń jẹun. Ó ti bá Annie Malone, obìnrin aláwọ̀ dúdú mìíràn, tajà kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé onídìrí ni obìnrin tó wà lórí owó dọ́là mẹ́wàá Kánádà? Viola Desmond ni. Wọ́n bí i ní Halifax ní 1914. Nígbà tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ irun, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó gba aláwọ̀ dúdú nílùú rẹ̀, ló bá lọ kọ́ ọ ní Montreal, ní Atlantic City àti ní New York. Ó padà sí Halifax, ó ṣí sàlúùnù, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú mìíràn má bàa rìn jìnnà bíi tirẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ irun náà ló ń bá lọ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá 1946 tí mọ́tò rẹ̀ fi bàjẹ́ ní New Glasgow. Ó wọ sinimá Roseland láti fi dúró de mọ́tò. Ó jókòó sísàlẹ̀, níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó. Wọ́n ní kí ó dìde, ó kọ̀. Wọ́n wọ́ ọ jáde, ó sun àtìmọ́lé mọ́jú. Ẹ̀sùn tí wọ́n wá fi kàn án ni pé ó jẹ ìjọba ní owó orí sẹ́ǹtì kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó orí tíkẹ́ẹ̀tì òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ó kú ní 1965. Ìjọba Nova Scotia dárí jì í ní 2010, ó sì bọ́ sórí owó ní 2018. Nígbà tí o bá fi dọ́là mẹ́wàá san owó ìpara irun ní Brampton, wo ojú obìnrin náà dáadáa.

Ṣé o mọ̀ pé ó nídìí tí ohun èlò irun wa fi wà lórí káńtà ní agbègbè Toronto? Ní 1970, Beverly Mascoll, ọmọ Nova Scotia, fi $700 bẹ̀rẹ̀ òwò, ó ń ta ọjà láti ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. Ó di ẹni tó ń pín ọjà Johnson Products ti Chicago káàkiri Kánádà. Wọ́n fi oyè Order of Canada dá a lọ́lá ní 1998. Kí irú rẹ̀ tó dé, ìrìn àjò sí Amẹ́ríkà ni ìpara irun jẹ́ fún ọ̀pọ̀ obìnrin dúdú níbí.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1968 àwọn dókítà Amẹ́ríkà kan kọ̀wé nípa orí pípá láàárín àwọn obìnrin dúdú, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín orí, tí wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyàrun gbígbóná? Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ó ń ṣe àwọn tí kò lo ìyàrun gbígbóná rí pẹ̀lú, wọ́n sì yí orúkọ àìsàn náà padà. Bí àárín orí rẹ bá ń fẹ́lẹ́, tàbí tó ń ta ọ́, áyọ́ọ̀nù tuntun kọ́ lo nílò, dókítà ni. Bí ó bá pẹ́, ihò irun á dí, irun kò sì ní hù níbẹ̀ mọ́.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń fi rilásà sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ áyọ́ọ̀nù? Ní oṣù Kẹwàá 2022, àwọn onímọ̀ tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ gbé èsì ìwádìí jáde lórí obìnrin 33,497. Àwọn tó lo èròjà ìnarun ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọdún kan ní ewu jẹjẹrẹ ilé ọmọ tó ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò lò ó lọ: ìdíwọ̀n wọn ni pé 4.05 nínú ọgọ́rùn-ún ló lè ní i kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 70, nígbà tó jẹ́ 1.64 fún àwọn tí kò lò ó rí. Áyọ́ọ̀nù lásán kò sí nínú ẹ̀sùn yìí. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú irun tí wọ́n ń pè ní keratin, tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ mọ́ irun, lè ní formaldehyde nínú, ooru áyọ́ọ̀nù ló sì ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ tó ń wọ imú. Ní 2010, Health Canada kìlọ̀ fún ará ìlú nípa Brazilian Blowout torí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ojú rẹ bá ń ta nínú sàlúùnù nígbà tí wọ́n ń tẹ irun, dìde.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ onídìrí wà lára iṣẹ́ ọwọ́ tí òfin Ontario ní kí ènìyàn gba ìwé ẹ̀rí kí ó tó máa ṣe? Skilled Trades Ontario ló ń bójú tó o láti 2022. Bí o bá máa san owó fún silk press, ìyẹn kí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù na irun àdámọ́ rẹ ní sàlúùnù, o ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé. Béèrè náà pé ìwọ̀n ooru wo ni wọ́n fẹ́ lò fún irun rẹ. Onídìrí tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà kọ́ ni wàá san? HST, owó orí ọjà ní Ontario, jẹ́ 13 nínú ọgọ́rùn-ún, áyọ́ọ̀nù $89.99 á di $101.69 lójú káńtà. Kò sì sí òfin tó fi dandan mú ṣọ́ọ̀bù láti gba ọjà padà kìkì nítorí pé o yí ọkàn padà. Béèrè kí o tó sanwó: ṣé wọ́n máa gbà á bí mo bá ti ṣí páálí? Ọjọ́ mélòó ni mo ní? Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára rìsíìtì.

Dojú áyọ́ọ̀nù délẹ̀ kí o tó rà á, wá àmì CSA, tàbí cUL, tàbí cETL. Ontario kò gba kí wọ́n ta ohun èlò iná mànàmáná tí ilé iṣẹ́ tí a fọwọ́ sí kò yẹ̀ wò. Èyí tí kò ní àmì kankan, tí o rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lówó pọ́ọ́kú, o ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí áyọ́ọ̀nù bá lè pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan, ó dára púpọ̀ fún ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀.

Ṣé o mọ̀ ohun tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìwẹ̀ tó ní bọ́tìnì kékeré méjì ń ṣe? Bí iná bá fẹ́ gba inú omi tàbí ara rẹ kọjá, òun ló ń já a. Bí áyọ́ọ̀nù bá kú lójijì, tẹ RESET. Bó bá tún já pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù yẹn nìkan, áyọ́ọ̀nù náà ló lárùn, má tún kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Ṣé o mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù tí o rà ní Brampton lè jóná ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àbúrò rẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Èkó? Iná Kánádà jẹ́ 120 fólítì, ti Nàìjíríà jẹ́ 230. Bí waya lásán ló ń mú áyọ́ọ̀nù gbóná, fólítì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì á fún un ní agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó ń yí orí púlọ́ọ̀gì padà kò yí fólítì padà. Kí o tó rà á ránṣẹ́ sílé, ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀: bó bá jẹ́ 100–240V, fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, ra nǹkan mìíràn fún wọn.

Ṣé o mọ̀ pé irin áyọ́ọ̀nù ṣì lè jó ọmọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan tí o ti pa á? Waya tó ń fì lẹ́bàá ọpọ́n ìwẹ̀ ni ọmọ máa ń fà. Bí ó bá jó o, omi tútù láti ẹnu ẹ̀rọ, ogún ìṣẹ́jú gbáko. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Bó bá jẹ́ ojú tàbí ibi tó gbòòrò, pe 911.

Ṣé o mọ̀ pé ohun èlò tó ń na irun láìlo iná rárá wà nínú àpò rẹ̀ nílé ìyá rẹ? Òwú ìkórun. J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa ní 1968, ó sì ya nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan kí ó tó kú ní 2014. Irun kíkó pọ̀ nínú wọn, tó nàró ṣanṣan, tí òwú yí láti ìdí dé ṣóńṣó. Ohun tí òwú ń ṣe fún ẹwà náà ló ń ṣe fún gígùn: ó ń fa kíká irun náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìdè haidirójìn á sì so ara rẹ̀ ní ipò nínà bí irun ṣe ń gbẹ. Fọ irun lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, fi ìpara adáàbòbò sí i, kó o ní ìpín mẹ́jọ sí mẹ́wàá, má fún un jù, kí ẹ̀bá orí má bàa ṣí. Tú u láàárọ̀ Sátidé lẹ́yìn tó bá ti gbẹ dénú. Iṣẹ́ tó kù fún áyọ́ọ̀nù kò tó nǹkan, 300°F sì sábà máa ń tó o.

Bí áyọ́ọ̀nù náà bá jẹ́ tuntun, mú ìpín irun tín-ín-rín kan ní ìpàkọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Fà á lẹ́ẹ̀kan ní 300°F. Fi omi wọ́n irun náà kí ó rin, kí o sì fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ká padà bíi ti tẹ́lẹ̀, máa bá orí yòókù lọ. Bó bá nà síbẹ̀, áyọ́ọ̀nù yẹn ti gbóná ju ohun tí irun rẹ lè gbà. Dín in kù, fi ìpín irun mìíràn dán an wò. Bí èyí náà ò bá ká, jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù tutù, dá a padà sínú páálí rẹ̀, mú rìsíìtì, kí o sì gbé e lọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù kí ọjọ́ tó pé.